Ìhìnrere Ọ̀sẹ̀ Níbi Tí Odò Méjì Ti Pàdé



Bóyá Lọ́kọ́jà ni iṣẹ́ gbé yín lọ, bóyá London tàbí Houston ni, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ló ń darí ìpàdé kékeré nínú pálọ̀, láìsí pásítọ̀ nítòsí. Bó bá di alẹ́ Sátidé, ẹ ó ṣí Bíbélì, ẹ ó sì máa bi ara yín pé, "Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn lọ́la?" Nítorí ìbéèrè yìí ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn Lọ́kọ́jà fún yín. Ará ìdálẹ̀ ni àwọn tó kọ́kọ́ wàásù níbẹ̀.

Ní 1841, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba odò Ọya gòkè. Wọ́n dá oko kan sílẹ̀ nítòsí ibi tí odò náà àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Ṣùgbọ́n ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó, wọ́n sì pa oko náà tì. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò yẹn. Wọ́n ti mú un lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821; ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n sì gbé e dé Sàró.

A yà á sí iṣẹ́ àlùfáà ní London ní 1843. Nígbà tó padà sí Freetown, ó bẹ̀rẹ̀ ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú bíi tirẹ̀, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní 1844. Lúùkù 1:35 ni ẹsẹ tó mú: ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì sí Màríà nípa Ọmọ Ọlọ́run. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bó tilẹ̀ jẹ́ èdè abínibí òun, ńṣe ló dà bíi pé òun jẹ́ ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn tó ń gbọ́ sì dáhùn pé, "Kí ó ṣẹ."

Ní 1857 ó tún padà sí odò Ọya, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Gbebe, tó wà ní òdìkejì omi sí ibi tí Lọ́kọ́jà wà lónìí. A fi í ṣe bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní 1865 ó dá ibùdó iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà. Nígbà tó di 1866, ogun abẹ́lé tú Gbebe ká, Lọ́kọ́jà sì di ibùdó iṣẹ́ náà. Tápà, Haúsá, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Yorùbá ló ń pàdé ní etí omi yẹn. Crowther kò ṣe bí ẹni pé Yorùbá nìkan tó. Ó tẹ ìwé gírámà èdè Tápà jáde ní 1864.

Ní báyìí, ẹ wo bí ìjọ tirẹ̀ ṣe ń ka Ìhìnrere. Ìwé Àdúrà wọn, tí a tẹ̀ ní Yorùbá ní 1850, ti yan ẹ̀kọ́ Ìhìnrere fún gbogbo ọjọ́ Ìsinmi inú ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà Bíbọ̀ Olúwa, Jésù gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ Jerúsálẹ́mù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Lẹ́ńtì, èṣù dán an wò nínú aginjù. Lẹ́yìn Àjíǹde, Olùṣọ́ Àgùntàn Rere dé. Ní ọjọ́ Ìsinmi kìíní lẹ́yìn Mẹ́talọ́kan, a ó ka ti ọlọ́rọ̀ àti Lásárù. Nínú ìlànà oúnjẹ alẹ́ Olúwa tiwọn, a ó ka Ìhìnrere, a ó ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, ìwàásù á sì tẹ̀lé e.

Ẹ rò ó wò ná. Etí odò tí a ṣì ti ń ta ènìyàn ni èyí. Ọlọ́rọ̀ lè wà nínú àwọn tó jókòó, ẹrú náà lè wà níbẹ̀. Bí ọjọ́ Lásárù bá pé, oníwàásù kò lè fi í pamọ́ kí ó má baà bí ọlọ́rọ̀ nínú. Òun kọ́ ló yan Ìhìnrere náà.

Ẹ gbọ́ ìyókù. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé sí Lọ́kọ́jà; Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson ni aṣíwájú wọn. Wọ́n ka ẹ̀sùn sí àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ Crowther lẹ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pàdánù iṣẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù arúgbó náà fi ìbànújẹ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ iṣẹ́ náà. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Robinson kú ní Lọ́kọ́jà ní 1891, Brooke ní 1892. Adúláwọ̀ lọ, òyìnbó lọ. Nígbà tí ìgbà Bíbọ̀ tún yí dé, Ìhìnrere kan náà ni ìwé náà là sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó kù láti kà á.

Ẹ lè sọ pé, "Àwa Onítẹ̀bọmi kì í lo ìwé àdúrà." Òtítọ́ ni. Láti ìgbà tí Thomas Jefferson Bowen ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, òmìnira ni oníwàásù wa fi ń yan ẹsẹ Bíbélì. Mi ò ní kí ẹ fi òmìnira yẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa: bí ọkàn wa bá wà lórí ìwé ìgbélùú, ìwé ìgbélùú la ó máa wàásù. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ wá, ọ̀tá ni yóò gba gbogbo ìwàásù wa. Ọdún á yí po, àwọn ọmọ wa kò ní tíì gbọ́ ìtàn ará Samáríà tàbí ti Lásárù rí.

Nítorí náà, ẹ gbìyànjú èyí. Àtòjọ ẹ̀kọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń lò láti 1992; ọdún mẹ́ta ni ó fi ń yí po: Mátíù, Máàkù, Lúùkù, pẹ̀lú Jòhánù láàárín wọn. Ní ọjọ́ Ajé, ẹ ka Ìhìnrere ọ̀sẹ̀ náà sókè ní Yorùbá. Ní ọjọ́rú, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ yín ní èdè ẹnu yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti há yín lẹ́nu, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ tún kà. Bí Sátidé bá dé, ẹ kò ní máa wá ohun tí ẹ óò sọ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà á ti bá ẹ̀yin fúnra yín wí kó tó kan àwọn tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Bí ó bá dà bíi pé ẹ jẹ́ ọmọdé nínú èdè baba yín, ẹ má bẹ̀rù. Ó ṣe Crowther náà bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì gbọ́ ọ. Kí Olúwa fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí yín lẹ́nu lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Kí ó ṣẹ.