Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìtàn Bí Onílé Ṣe Ń Mọ Oníṣẹ́ Tí Ó Ṣeé Fọkàn Tán



Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí onílé jẹ́, inú ilé rẹ̀ ni yóò wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ tún inú ilé ṣe kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀. Yóò wá oníṣẹ́, yóò fa kọ́kọ́rọ́ ilé lé e lọ́wọ́, yóò sì san owó kí ó tó fojú rí iṣẹ́. Bí iṣẹ́ náà bá dára, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò gbádùn rẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, inú rẹ̀ náà ni wọn yóò máa sùn, tí wọn yóò máa jí. Lóde òní, ilé-iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ inú ilé ni a ń pe ẹni tí a ń gbé irú iṣẹ́ yìí fún. Orúkọ náà jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́ láàárín wa: báwo ni a ṣe ń mọ ẹni tí a lè fa inú ilé wa lé lọ́wọ́?

Kọ́lékọ́lé àti kólékólé

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí èdè wa fúnra rẹ̀ sọ. Ẹni tí ń kọ́ ilé ni kọ́lékọ́lé. Ẹni tí ń kó ilé onílé ni kólékólé. Ohùn orí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀. Àmì kékeré tí ó wà lábẹ́ “ọ” nìkan ni ó pín wọn níyà. Ọ̀nà kan náà ni a sì gbà ṣẹ̀dá wọn, èyíinì ni àpètúnpè odidi àpólà ìṣe, bí a ti ṣẹ̀dá jagunjagun láti ara “ja ogun”, tí a sì ṣẹ̀dá gbẹ́nàgbẹ́nà láti ara “gbẹ́ ọnà”. Onílé tí kò bá la ojú rẹ̀ dáadáa lè rò pé kọ́lékọ́lé ni òun gbé iṣẹ́ fún.

Ọ̀rọ̀ náà “ọnà” tún yẹ fún àkíyèsí. Ọnà ni gbogbo àrà tí a fi ń ṣe nǹkan lẹ́wà: fífín, gbígbẹ́, kíkùn. Ẹni tí iṣẹ́ ọnà jẹ́ tirẹ̀ ni oníṣọ̀nà. Nítorí náà, èdè wa ti ní orúkọ fún ẹni tí ń ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́ kí ilé-iṣẹ́ kankan tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Nígbà tí agbo ilé jẹ́ ẹlẹ́rìí

Ní ayé àtijọ́, amọ̀ ni a fi ń mọ ilé. Àwọn ọ̀mọ̀lé a gún amọ̀ náà, wọn a mọ ògiri ní ipele kan, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé ipele mìíràn lé e. Bí wọ́n bá kánjú, ògiri náà yóò wó. Lẹ́yìn èyí ni òrùlé, tí wọ́n ń fi bẹẹrẹ bò ní ilẹ̀ ọ̀dàn, tí wọ́n sì ń fi ewé gbódògì bò ní ilẹ̀ igbó. Àwọn obìnrin ni ó ń rẹ́ ilẹ̀ àti ògiri títí tí yóò fi máa dán. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó ń gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn fún ààfin àti ilé ọlọ́lá, igi líle bí ìrókò ni ó sì ń lò, kí ikán má baà tètè jẹ ẹ́.

Kò sí ìwé àdéhùn nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí wà. Iṣẹ́ gbígbẹ́ sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ ìdílé, agbo ilé gbẹ́nàgbẹ́nà kò sì pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá gba owó tí kò ṣe iṣẹ́, kò níbi tí yóò sá sí, nítorí pé baba rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni ìtìjú náà yóò bò. Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un kò sì jókòó sí òkèèrè. Ó sábà máa ń gbà á sílé, a máa fún un ní oúnjẹ, a sì máa rí iṣẹ́ bí ó ti ń lọ lójoojúmọ́.

Oníṣẹ́ tún gbọ́dọ̀ mọ òfin. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé nípa kọ̀bì, orí ilé tí ó yọ síwájú tí ó jẹ́ àmì ààfin. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè kọ́ irú rẹ̀ sí ilé. Ọ̀mọ̀lé tí ó bá gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ipò rẹ̀ kò tó kọ̀bì, tí ó sì kọ́ ọ fún un, wàhálà ni ó kọ́ fún onílé.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀: iṣẹ́ tí ń bá oníṣẹ́ polówó

Àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ jù ni Ọlọ́wẹ̀, ẹni tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí ó sì di ará Ìsẹ̀-Èkìtì. Ààfin Arínjálẹ̀ ti Ìsẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́, láti ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ sì ti kàn dé àwọn ààfin mìíràn. Láàárín nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Lára òpó wọ̀nyí ni èyí tí ó fi ọba hàn lórí ìtẹ́ tí olorì sì dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀. Ó wà ní Art Institute of Chicago lónìí. Ìlẹ̀kùn ààfin náà fi Ògògà hàn bí ó ti ń gba òyìnbó aṣojú ìjọba lálejò.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn yìí lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley ní ìlú London. Nígbà tí British Museum ní àwọn fẹ́ ẹ, Ògògà kò gba owó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, a lè rí i bí onílé ti mọ iyì ohun tí oníṣẹ́ ṣe fún un.

Kí ni ó mú kí ọba kan lẹ́yìn òmíràn ránṣẹ́ pe Ọlọ́wẹ̀? Iṣẹ́ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá ni. Ọba tí ó bá lọ kí ọba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi ojú ara rẹ̀ rí òpó, yóò fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kùn, yóò sì béèrè orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Yóò tún gbọ́ láti ẹnu ọba tí ó ni ààfin bí oníṣẹ́ náà ti hùwà nígbà tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Níbi tí gbẹ́nàgbẹ́nà bá parí iṣẹ́ sí, ibẹ̀ ni gbẹ́nugbẹ́nu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938, ṣùgbọ́n ní ọdún 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ka oríkì rẹ̀ fún onímọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Pemberton. Odidi àádọ́ta ọdún ni orúkọ rere yẹn ti fi ju ẹni tí ó jẹ́ ẹ lọ.

Àwọn Àgùdà ní Èkó: ọwọ́ tí ó kọ́ ọwọ́

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ Yorùbá tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sílé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní ọdún 1835. Púpọ̀ nínú wọn ti kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà níbẹ̀. Pópó Àgùdà ní Èkó ni wọ́n tẹ̀dó sí. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre wà lára àwọn tí ó kọ́ ilé ìjọsìn Holy Cross àtijọ́. João Baptista da Costa ni ó kọ́ mọ́sáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Sanusi Aka, tí ó jẹ́ ọmọ ilé wa, sì bá a ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ kíyè sí i pé Mùsùlùmí ni Mohammed Shitta, ṣùgbọ́n Àgùdà tí ń jẹ́ orúkọ àwọn Páádì ni ó gbé mọ́sáláṣí lé lọ́wọ́. Kò fi ẹ̀sìn díwọ̀n oníṣẹ́. Iṣẹ́ ni ó fi díwọ̀n rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà ni ó sì gbé àrà wọn dé àárín ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí owó kòkó dé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olódòdó àti ológe ògiri yọ ní Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Iléṣà àti ní Òṣogbo.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ẹ̀rí kejì. Lamidi Fakeye ti Ìlá Ọ̀ràngún, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni, láti ìran dé ìran. Síbẹ̀, ó tún lọ kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, ní ibi iṣẹ́ tí àwọn Páádì dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947. Ìgbà tí ó parí ẹ̀kọ́ náà ni ó wá di ẹni tí ó gbẹ́ àwọn ìlẹ̀kùn Odùduwà Hall ní Ilé-Ifẹ̀. Bí a bá bí ènìyàn sínú iṣẹ́, ó ṣì yẹ kí ó kọ́ ọ.

Òṣogbo: ẹ kọ́kọ́ fún un ní kékeré

Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni ní Òṣogbo. Nígbà tí Ulli Beier ṣe ìdíje fún àwọn tí ó lè fi sìmẹ́ńtì mọ ère ẹranko irú èyí tí ó máa ń wà lára pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà, Àkànjí wà lára àwọn tí ó kópa. Iṣẹ́ kékeré yẹn ni ó fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ mọ ju títo búlọ́ọ̀kù lọ. Lẹ́yìn náà ni òun àti Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, jọ ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ẹni tí a fi ère kan dán wò ni a wá fa igbó òrìṣà lé lọ́wọ́.

Ohun tí a lè pàdánù

Ní ọdún 1855 ni àwọn ìdílé Fernandez kọ́ ilé kan sí ẹ̀gbẹ́ Tìnúbú Square ní Èkó, èyí tí a wá mọ̀ sí Ilojo Bar. Ìdílé Ọláìyá rà á ní ọdún 1933, ìjọba sì sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ilé náà ti gbó, àtúnṣe sì tọ́ sí i, ṣùgbọ́n àtúnṣe yàtọ̀ sí wíwó. Oníṣẹ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí yóò yọ ìlẹ̀kùn ìrókò tí bàbá yín àgbà fi sílẹ̀, yóò fi pákó tí kò lè lo ọdún márùn-ún rọ́pò rẹ̀, yóò sì pe èyí ní ọ̀làjú. Bí a bá ti sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù, owó kò lè rà á padà.

Bí a ó ṣe yan ilé-iṣẹ́ lónìí

Ohun tí àwọn baba wa fi ń mọ oníṣẹ́ kò tíì yí padà. Ibi tí a ó ti wá a ni ó yí padà.

Agbo ilé: ẹ mọ ibi tí ilé-iṣẹ́ náà wà, kí ẹ sì dé ibẹ̀. Ẹ wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ ti Corporate Affairs Commission lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá orúkọ náà wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ẹgbẹ́ tí wọ́n wà. Interior Designers Association of Nigeria ti wà láti ọdún 2007. Ẹgbẹ́ nìkan kò sọ ènìyàn di olóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dára kí a rí ẹni tí a lè fi ẹjọ́ sùn.

Ojú ọba: ẹ má fi àwòrán nìkan ṣe ẹ̀rí, nítorí pé a lè jí àwòrán. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ sí ilé tí wọ́n ti ṣe ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ wò ó bóyá ọ̀dà ti ń bó, bóyá ilẹ̀kùn àpótí ìdáná ṣì ń tì. Kí ẹ sì bi onílé náà ní ìbéèrè kan ní kọ̀rọ̀: nígbà tí nǹkan bàjẹ́, ṣé wọ́n padà wá?

Òfin kọ̀bì: bí iṣẹ́ náà bá kan ògiri tí ó gbé ilé dúró, ọ̀ṣọ́ nìkan kọ́ mọ́. Ẹ wá ayàwòrán-ilé tí ó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ARCON àti ẹnjiníà tí ó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú COREN, kí ẹ sì gba ìyọ̀ǹda ìjọba.

Ipele amọ̀: ẹ san owó bí iṣẹ́ bá ti ń dé ipele kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ gbogbo àdéhùn sínú ìwé: irú igi, irú ọ̀dà, iye owó, ọjọ́ ìparí, àti iye tí ẹ ó mú dání títí iṣẹ́ yóò fi pé. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ń gbé ipele kejì lé èyí tí kò tíì gbẹ.

Ère kan: bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé iyàrá kan fún wọn kí ẹ tó gbé gbogbo ilé.

Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà yín, kí wọ́n tó lọ, orúkọ bíríkìlà àti káfíńtà tí ó ṣe ilé bàbá yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi àmì sí i dáadáa. A mọ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ nítorí pé ẹnìkan kò jẹ́ kí ó sọnù. Ọ̀pọ̀ tí ọwọ́ wọn mọ́, tí iṣẹ́ wọn sì dúró títí dòní, ni a kò mọ orúkọ wọn mọ́. Ẹni tí kò bá sì mọ ẹni tí ó ṣe dáadáa lánàá, yóò ṣòro fún un láti dá a mọ̀ lónìí.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a pe kólékólé ní kọ́lékọ́lé. Ire o.