Àjà Ẹnu Lílà: Ẹ Má Ṣe Gbàgbé Etí Ọmọ

Bí a bá bí ọmọ tí àjà ẹnu rẹ̀ là, ohun tí ojú rí ni àwọn ènìyàn máa ń sọ. Ọmọ kò lè fa ọmú dáadáa, wàrà ń gba imú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n àrùn mìíràn wà tí ojú kò rí, inú etí ni ó máa ń fara pamọ́ sí.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn awọ ìlù etí, afẹ́fẹ́ ni ó kún inú rẹ̀. Egungun mẹ́ta tí ó so kọ́ra ni ó ń gbé ìró gba inú rẹ̀ kọjá: ọ̀kan dà bí òòlù, èkejì bí owú alágbẹ̀dẹ, ẹ̀kẹta bí irin tí ẹlẹ́ṣin máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ẹ̀kẹta yìí, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 3, ni egungun tí ó kéré jù lọ lára ènìyàn. Nígbà tí a bá fi bí ọmọ, àwọn egungun yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ti àgbàlagbà.

Ọ̀nà tóóró kan so yàrá náà mọ́ ẹ̀yìn imú. Iṣan àjà ẹnu ni ó ń ṣí i nígbà tí a bá gbé nǹkan mì tàbí tí a bá yán. Bí àjà ẹnu bá là, iṣan náà kò ní ibi tí ó yẹ kí ó dì mú, ọ̀nà náà kì í sì í ṣí dáadáa. Afẹ́fẹ́ inú yàrá á dínkù, omi á sun sí i, àwọn egungun kò sì ní lè mì bí ó ti yẹ. Ní ọdún 1969, àwọn dókítà ní ìlú Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, jábọ̀ lórí ìkókó 50 tí àjà ẹnu wọn là, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí àrùn etí kò bá jà nínú wọn.

Omi yìí kì í sábà dun ọmọ. Ìdí nìyí tí àwọn òbí kan fi máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní olóríkunkun, nígbà tí ó jẹ́ pé kò gbọ́ràn dáadáa ni. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò bá sì gbọ́ dáadáa, kò lè sọ ọ́ dáadáa. Bí àrùn náà bá pẹ́, awọ ìlù etí lè fà wọ inú, kí awọ máa hù níbẹ̀, kí ó sì jẹ àwọn egungun náà run. Ti àwọn ọmọ díẹ̀ tún yàtọ̀: irú àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú àìsàn Treacher Collins, tí egungun etí wọn lè má pé láti inú oyún.

Àwọn dókítà sábà máa ń fi iṣẹ́ abẹ dí àjà ẹnu láàárín oṣù 9 sí 18. Èyí ń ran etí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀, nítorí omi náà lè tún padà wá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ máa gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò etí déédéé, kódà bí kò bá ké ìrora. Dókítà lè fi páìpù tíntín sínú awọ ìlù etí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, tàbí kí ó fún ọmọ ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ẹ má ṣe kán àdín tàbí epo sí i létí. Ẹnu tí a tún ṣe ṣì nílò etí tí yóò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀.