Ọlọ

Ọlọ ni òkúta tí a fi ń lọ ata, ẹ̀gúsí tàbí ọkà. Méjì ni: ìyá ọlọ tó wà nílẹ̀, àti ọmọ ọlọ tí ọwọ́ ń tì síwá-sẹ́yìn lórí rẹ̀.

Ní Daima, òkìtì àtijọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Borno tí awalẹ̀pìtàn Graham Connah wa ilẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ọlọ wà lára ohun tí wọ́n rí. Ìyanu gidi ni, torí ilẹ̀ amọ̀ dúdú ni gbogbo agbègbè náà. Kò sí òkúta níbẹ̀; ọ̀nà jíjìn ni àwọn èèyàn ìgbà náà ti gbé e wá!

Ní Maiduguri òde òní, ní Borno kan náà, ẹ̀rọ ló ń lọ jéró.

Ọ̀nà mìíràn tún wà: ní ìlú Schiedam, ní Netherlands, afẹ́fẹ́ ló ń yí ọlọ; òkúta ìsàlẹ̀ kì í mira, tòkè ló ń yí.