Orin ń fẹ́ agbo



Ní ọdún 1968, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmè, Mélomé Clément kó onílù àti onígìtá jọ ní Kútọnu. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni Orchestre Poly-Rythmo. Ilé ijó ni wọ́n ti ń ṣeré lóru. Wọ́n mú ìlù Sato, tí a ń lù fún àwọn baba tó ti kú, àti ìlù Sakpata, tí àwa ń pè ní Ṣọ̀pọ̀nná, wọ́n pa wọ́n pọ̀ mọ́ gìtá.

Wọ́n ṣe awo orin púpọ̀. Ṣùgbọ́n awo kì í rí ẹni tó ń jó. Onílù ló ń rí i: bí ẹsẹ̀ bá yá, á fi kún un.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ikú mú onígìtá àti onílù wọn. Owó wọ́n, agbo túká. Wọ́n dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2009, wọ́n ṣeré ní Yúróòpù. Àwọn tí kò gbọ́ èdè Fọ̀n dìde jó. Mélomé kú ní 2012, ẹgbẹ́ kò túká.

Nítorí náà, bí onílù bá wá sí abúlé yín, ẹ má jókòó sílé. Agbo kékeré ló ń di ńlá.