Kíkan àti ásíìdì láktíìkì

Kíkan ni bí nǹkan ṣe ń rí lẹ́nu tí eyín fi ń kan ni: òroǹbó wẹ́wẹ́, àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n, ẹmu àná. A tún máa ń sọ ọ́ fún ohùn tó le, ohùn kíkan, ṣùgbọ́n ti ẹnu ló wọ́pọ̀ jù.

Ásíìdì ló ń fà á. Ásíìdì sítíríìkì ni ti òroǹbó, asẹ́tíìkì ni ti ẹmu. Ti ògì àti gààrí ni láktíìkì, èyí tí Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́místìrì ará Sweden, kọ́kọ́ yọ nínú wàrà kíkan ní 1780. Iṣan ẹni tó bá ń sáré àsápajúdé náà ń ṣe é.

Ìdí ògì la ti lè rí iṣẹ́ rẹ̀ kedere. Alógì á rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, á lọ̀ ọ́, á sẹ́ ẹ, á jẹ́ kó silẹ̀. Omi òkè ni omíkan, tí àwọn alágbo fi ń rẹ egbò àti èèpo igi. Bakitéríà, pàápàá Lactiplantibacillus plantarum, ló ń jẹ ṣúgà àgbàdo tó sì ń sọ ọ́ di ásíìdì, èyí tí kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò mìíràn ráyè. Ọbẹ̀ tó bá kan, dídànù ni. Omíkan ní tirẹ̀, wọ́n ń wá a kiri.

Gààrí Ìjẹ̀bú ń kan nítorí pé pákí rírin ń pẹ́ nínú àpò. Àwọn kan gbà pé kíkan yìí ló ń lé májèlé rẹ̀ lọ. Àsọdùn ni. Bí wọ́n bá ti ń rin pákí ni ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀, linamarase, ti ń fọ́ linamarin. Sáyánáìdì á sì máa jáde. Omi tí wọ́n ń fún dànù ń gbé apá kan lọ, iná abẹ́ agbada ń lé èyí tó kù. Kódà, bí ásíìdì bá pọ̀ jù, ó ń fa iṣẹ́ náà sẹ́yìn, nítorí náà yíyan dáadáa ṣe pàtàkì ju kíkan lọ.

Wàrà àwọn Fúlàní kì í sábà kan ní tirẹ̀: omi ewé bọ̀mùbọ̀mù ni wọ́n fi ń mú un dì, kì í ṣe ásíìdì.