Ìràwọ̀, Ìkún Odò àti Òkú Ọba: Ojú Ọ̀run nínú Ìtàn Osiris

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn òrìṣà kì í ṣàdédé rí bí ó ti rí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wí pé ojú ọ̀run ni orísun ọ̀pọ̀ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, pé oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ tí àwọn ará àtijọ́ ń ṣọ́ lálaalẹ́ ni wọ́n sọ di ọba, aya ọba àti ọ̀tá ọba. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n èyí tí a lè fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn nínú rẹ̀ kò pọ̀. Lójú tèmi, ìtàn Osiris ti Íjíbítì àtijọ́ ni ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ jù lọ: Osiris, ọba aládé tí àbúrò rẹ̀ Set pa, tí Isis aya rẹ̀ wá òkú rẹ̀ kiri títí ó fi rí i, tí ó sì di ọba lórí àwọn òkú.

Ìràwọ̀ kan wà tí àwọn ará Íjíbítì ń pè ní Sopdet, tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ òde òní ń pè ní Sirius. Kò sí ìràwọ̀ mìíràn lójú sánmà òru tí ó mọ́lẹ̀ tó o. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa bò ó mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí 70 ọjọ́, ojú ènìyàn kò sì ní tó o. Láyé àtijọ́, nígbà tí ó bá di nǹkan bí àárín oṣù Keje, àwòrò tí ó jí ní ìdájí, tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, yóò rí i tí ó yọ fírí ní ìsàlẹ̀ sánmà, kò sì ní pẹ́ tí ojúmọ́ yóò fi gbé e mì. Àsìkò yìí gan-an ni Odò Náílì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kún láyé ìgbà náà, tí ó ń wọ́ ẹrẹ̀ dúdú lọ sórí oko tí oòrùn ti gbẹ. Òjò orí òkè Ethiopia ni ó ń fa ìkún náà, ìràwọ̀ kò lọ́wọ́ sí i rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé ilẹ̀ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ kò rí òjò yẹn, ìràwọ̀ ni ó rí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ka Sopdet sí Isis, tí wọ́n sì ka Sah, ìyẹn àwọn ìràwọ̀ Orion tí ń ṣíwájú rẹ̀ yọ, sí Osiris: ọkọ ń lọ níwájú, aya ń wá a bọ̀ lẹ́yìn.

Iye ọjọ́ tí ìràwọ̀ náà fi ń sọnù ni ó yẹ kí olùwádìí dúró tì. Ní Abydos, nínú ilé abẹ́ ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn tẹ́ńpìlì ọba Seti Kìíní, ẹni tí ó jọba ní nǹkan bí 1290 ṣáájú ìbí Kírísítì, wọ́n ya Nut, òrìṣà obìnrin tí í ṣe sánmà fúnra rẹ̀, sí àjà: ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀ níhà kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ níhà kejì, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ nípa ìrìn àwọn ìràwọ̀ yí i ká. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà wí ni pé ìràwọ̀ a máa kú, a sì lo 70 ọjọ́ ní Duat, ìlú àwọn òkú, níbi tí ẹ̀gbin rẹ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀, kí ó tó tún wá sáyé. Wàyí o, Herodotus, òpìtàn Gíríìkì, jẹ́rìí pé 70 ọjọ́ ni wọ́n fi ń tẹ òkú ọlọ́lá sínú iyọ̀ kí ó má baà rà. Ẹni tí ó bá sì ṣí Bíbélì sí Jẹ́nẹ́sísì orí 50 yóò rí i pé 70 ọjọ́ ni àwọn ará Íjíbítì fi ṣọ̀fọ̀ Jákọ́bù.

Plutarch, Gíríìkì mìíràn, sọ bí wọ́n ṣe bí Osiris. Oòrùn ti fi Nut gégùn-ún pé kò ní bímọ nínú oṣù kankan tàbí ọdún kankan. Ni Thoth, òrìṣà ọlọ́gbọ́n, bá bá òṣùpá ta ayò, ó pa á láyò, ó ń bù díẹ̀díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ títí ó fi di odidi ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ márùn-ún tí kò sí lábẹ́ oṣù kankan yìí ni Nut sì fi bí Osiris, Set, Isis àti àwọn yòókù. Kàlẹ́ńdà ni ìtàn yìí: oṣù 12 ni wọ́n ní, 30 ọjọ́ ni oṣù kọ̀ọ̀kan, ó sì ku ọjọ́ márùn-ún kí ó tó pé 365. Plutarch tún ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù ni Osiris kú, nígbà tí òṣùpá àrànmọ́jú ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó àjórẹ̀yìn, pé Set gé òkú rẹ̀ sí ọ̀nà 14, àti pé àwọn kan ń wí nígbà ayé òun pé ọjọ́ tí òṣùpá fi ń dín kù títí yóò fi wọ̀ ni ọ̀nà 14 náà.

Bí ìtàn yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó nìyẹn, nítorí pé ẹnu àti ọwọ́ àwọn tí wọ́n sún mọ́ ọn ni ẹ̀rí ti wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ti àwọn tí ń fi irú kọ́kọ́rọ́ yìí ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Charles-François Dupuis, ará Faransé, kọ ìwé ńlá kan ní 1795 pé gbogbo ẹ̀sìn ayé, ti Kírísítì pẹ̀lú, kò ju oòrùn àti ìràwọ̀ lọ. Ní 1827, Jean-Baptiste Pérès fi ẹ̀fẹ̀ dá a lóhùn: ó lo ọgbọ́n Dupuis gẹ́lẹ́, ó fi hàn pé Napoléon, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní 1821, kò wáyé rí, oòrùn lásán ni, arákùnrin rẹ̀ mẹ́rin ni ìgbà mẹ́rin ọdún, òkun ìwọ̀-oòrùn ni ó sì wọ̀ sí! Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ohun méjì lè jọ rìn kí wọ́n má bára tan. Ilẹ̀ Adúláwọ̀ kò sì bọ́ nínú irú rẹ̀: ní 1950, Marcel Griaule àti Germaine Dieterlen kọ̀wé pé àwọn Dogon ilẹ̀ Mali mọ ìràwọ̀ kékeré kan tí ń yí Sirius ká, èyí tí ojú lásán kò lè rí, tí awò awọ̀nàjíjìn kọ́kọ́ fi hàn ní 1862; ṣùgbọ́n nígbà tí Walter van Beek tọ àwọn Dogon fúnra wọn lọ, àbọ̀ tí ó tẹ̀ jáde ní 1991 ni pé òun kò bá ìmọ̀ náà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gba ìtàn sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn babaláwo, àwọn ọdẹ àti àwọn àgbà àgbẹ̀ wa ni pé kí wọ́n máa béèrè orúkọ ìràwọ̀ àti àsìkò tí ó ń yọ, kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ bí wọ́n ti gbọ́ ọ gan-an, pẹ̀lú orúkọ ìlú àti oṣù, kí wọ́n tó fi ìtumọ̀ tiwọn lé e.