Orógbó Pàdé Kiníìnì: Ọjọ́ Kan Nínú Ìdánwò Oògùn

Bó ṣe Ọjà Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́ ni o, bó ṣe ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ ni o, orógbó kì í wọ́n níbẹ̀. A fi ń sọmọ lórúkọ, a sì ń jẹ ẹ́ sí ikọ́ àti ibà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kiníìnì, oògùn ibà, mì náà lè ju orógbó sẹ́nu. Kí ni ọ̀kan ń fi èkejì ṣe nínú ara?

Sharon Igbinoba àti Cyprian Onyeji, onímọ̀ oògùn láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wádìí rẹ̀ lára èèyàn 24 tí ara wọn le; èsì jáde lọ́dún 2015. Ibà fúnra rẹ̀ máa ń yí bí ara ṣe ń lo kiníìnì padà, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lo aláìsàn. Ìwọ̀n orógbó àti ti kiníìnì, pẹ̀lú èsì, wá látinú ìwádìí wọn; ìyókù jẹ́ bí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń lọ.

Aago 7 àárọ̀. Inú òfìfo. Nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì ní kiníìnì nínú. Òun ni wọn yóò fi wé ìyókù.

Aago 8. Orógbó tí wọ́n ti bó, gíráàmù 12.5. Láàárọ̀ lálẹ́ ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́ bọ̀. Ìgbà kẹtàdínlógún rèé. Kiníìnì mílígíráàmù 600 tẹ̀ lé e, pẹ̀lú omi.

Aago 9 sí 12. Ìgbà yìí lọwọ́ dí jù. Kiníìnì ń ti ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀, nọ́ọ̀sì ń fa ẹ̀jẹ̀ léraléra, ó ń kọ aago sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Bí aago bá yẹ̀, ìṣirò wọ́ nìyẹn. Ó ń bi wọ́n bóyá etí wọn ń hó, torí kiníìnì a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ń yí ẹ̀jẹ̀ náà bírí, títí omi aláwọ̀ ìyeyè yóò fi yọ lókè. Ìyẹn ni wọ́n ń gbé sínú fìríìsà.

Aago 2 ọ̀sán. Wọ́n ti jẹun. Ẹ̀dọ̀ ti ń sọ kiníìnì di nǹkan mìíràn. Oúnjẹ, egbòogi àti oògùn mìíràn lè mú iṣẹ́ yìí yá, wọ́n sì lè fà á sẹ́yìn.

Aago 8 alẹ́. Wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, nǹkan bíi wákàtí 11 ni kiníìnì fi ń dín sí ìdajì.

Aago 8 àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ti lo wákàtí 24, àmọ́ fífa ẹ̀jẹ̀ kò dáwọ́ dúró títí ó fi pé 48.

Nígbà tí wọ́n ṣírò ó, kiníìnì tètè dé góńgó nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wọ́n jẹ orógbó mọ́ ọn, ṣùgbọ́n góńgó náà relẹ̀ ju ti ìgbà tí wọ́n lo kiníìnì nìkan lọ. Orógbó kò tìtorí èyí di májèlé. Àmọ́ oògùn ibà tí kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ lè dá kòkòrò ibà sí.

Nítorí náà, tí a bá wọlé dókítà tàbí apoògùn l'Ọ̀yọ́ àti l'Ògbómọ̀ṣọ́, kí a ka orógbó àti àgbo mọ́ ohun tí à ń lò, kí wọ́n tó bi wá. Kí àwọn náà sì máa bi wá, láìbínú, láìfojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí bàbá wa ń jẹ.